Aṣọ Ọ̀rọ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Àwọn Fọ́ǹtì tí Ó Ti Sú Aráyé

Nígbà tí ẹ̀yin atẹ̀wé, akọ̀wé àti ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn fọ́ǹtì tí ó wọ́pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí àwọn ènìyàn fi wá ń kórìíra wọn, ẹnì kan nínú ilé mi bi mí léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ìrísí lẹ́tà tó ohun tí àgbàlagbà ń wọ agbádá lọ sọ níta gbangba. Mo dá a lóhùn pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ìgbà tí a bá ti jí ní òwúrọ̀ títí di ìgbà tí a ó fi sùn, lára ọ̀rá omi tí a mu, lára ìwé owó iná, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, lára pósítà òkú tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, nínú lẹ́tà tí ó gbani síṣẹ́ àti èyí tí ó yọni níṣẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó tọ̀ wá wá ní ìhòòhò. Gbogbo wọn ni ó wọ aṣọ, aṣọ náà sì ni à ń pè ní fọ́ǹtì.

Àwọn baba wa ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ẹnì kan bá wọ ẹ̀wù oko wọ ààfin, kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá, àwọn ẹmẹ̀wà ọba ti mọ ibi tí wọn yóò fi í jókòó sí. Bákan náà ni ojú ènìyàn ṣe máa ń gba ọ̀rọ̀ lálejò: kí a tó ka ohun tí ó wí, a ti rí ohun tí ó wọ̀, ọkàn wa sì ti pinnu bóyá ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ṣeré ni, tàbí ti ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, tàbí ti ìjọba tí kò bìkítà bí a jí bí a kò jí.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, irú lẹ́tà tí ó wà nínú àpótí òjé rẹ̀ ni ó ní láti lò, nítorí òjé wúwo, owó ńlá ni a fi ń rà á, ojú òkun ni ó sì ń gbà wá. Ta ni yóò bá atẹ̀wé ìgbà náà wí pé aṣọ kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀ fún ọ̀rọ̀ gbogbo? Ṣùgbọ́n lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́ǹtì ni ó ń bá kọ̀ǹpútà wọlé láìbéèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kan náà ni à ń gbé wọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ dé, ó sì sọ wá di aláṣọ kan. Ohun tí ó ń dùn mí nìyí, òun ni mo sì bá wá síwájú yín.

Mo rántí àwọn tí ń kọ ara ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ síwájú ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ fi okùn tí ó ti bọ ẹfun wọn ilà, yóò takété, yóò ṣẹ́jú wò ó, kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ara pákó. Lẹ́tà ọ̀gá kan a sanra nísàlẹ̀, ti ọ̀gá kejì a ní òjìji pupa lẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwa ọmọdé fi ń mọ ọwọ́ tí ó kọ ọkọ̀ kí ọkọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn kì í fún ọkọ̀ ẹlẹ́ran ní lẹ́tà ọkọ̀ aṣọ. Bí onímọ́tò bá béèrè lẹ́tà tí kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, ọ̀gá yóò kọ̀ fún un, onímọ́tò yóò sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí ẹnu kò sìn lára rẹ̀ jù lọ láyé, èyí tí ń jẹ́ Comic Sans. Vincent Connare, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà, ni ó yà á ní 1994. Ilé iṣẹ́ náà ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní Microsoft Bob, fún àwọn tí ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń bà. Ajá kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń fi ọ̀nà han àlejò, ọ̀rọ̀ a sì máa yọ lẹ́nu ajá náà bí ó ti ń yọ lẹ́nu àwọn ènìyàn inú ìwé eré alàwòrán. Times New Roman ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ajá. Connare wò ó, ara rẹ̀ kò gbà á, pé ajá tí ń ju ìrù sí àlejò ni ó ń fọhùn bí adájọ́ tí ó dé irun funfun sórí. Ó wo àwọn ìwé eré alàwòrán tí ó wà nítòsí rẹ̀, èyí tí ó sọ nípa Batman àti èyí tí ń jẹ́ Watchmen, ó wo bí àwọn tí ń fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú wọn ṣe ń yí ìdí lẹ́tà po láìfi ibì kan mú ṣonṣo, ó sì ya tirẹ̀ ní àfijọ wọn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹnu ajá ni ilé tí Connare wò, àwọn tí ó sì ń bú u láti ìgbà náà wá, èmi kò rò pé ọ̀pọ̀ wọn mọ ilé tí ó ń wò.

Ó ṣeni láàánú pé ọmọ náà kò gbé ilé tí a bí i sí. Wọ́n ti wọn gbogbo àyè ọ̀rọ̀ inú Bob mọ́ Times New Roman, lẹ́tà Connare sì fẹ̀ jù wọ́n lọ, kò gba ibẹ̀. Ètò mìíràn tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe fíìmù lórí kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ gbà á sílé, lẹ́yìn náà ni ó bá Windows 95 rìn, tí ó sì di ará ilé gbogbo ayé. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àkókò náà, tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó fẹ́ kọ ìwé sí àwọn òbí nípa àpèjọ ìparí ọdún: ó ṣí àkójọ fọ́ǹtì, gbogbo wọn le ojú koko bí ọlọ́pàá, àfi ọ̀kan tí ó dà bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èwo ni ẹ̀yin ìbá mú?

Òun náà ni gbogbo wọn mú. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lẹ́tà tí a yà fún ẹnu ajá kúrò lórí ìwé àpèjọ ọmọdé, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó dé ara ìkìlọ̀ iná mànàmáná tí ó lè pa ènìyàn, ó dé orí ìwé tí a fi ń sọ fún ẹbí pé ẹni wọn ti kú. Ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá, tọkọtaya kan ní ìlú Indianapolis, Dave àti Holly Combs, tí iṣẹ́ ọnà àwòrán ni iṣẹ́ wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé kí a fi òfin de Comic Sans pátápátá, nítorí pé ọ̀gá wọn fi dandan lé e pé òun ni kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ kan fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohùn wọn ran ká gbogbo ayé. Mo bọ̀wọ̀ fún ojú tí ó mọ ẹwà, ṣùgbọ́n èmi kò lè bá wọn dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpàtẹ tí a ṣe fún àwọn ọmọdé ni ọ̀gá wọn ń sọ. Nínú gbogbo ibi tí lẹ́tà náà rìn dé, bóyá ibẹ̀ ni ó súnmọ́ ilé baba rẹ̀ jù lọ. Wọ́n bá àlejò wí ní ọjọ́ tí ó padà délé.

Ẹjọ́ mìíràn wà tí ó le ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2012, ní ilé ìwádìí CERN lẹ́bàá ìlú Geneva, Fabiola Gianotti dìde láti sọ fún aráyé pé ìwádìí tí òun darí ti rí àmì ohun kékeré tí a kò lè fi ojú rí, èyí tí Peter Higgs ti sọ láti 1964 pé ó gbọ́dọ̀ wà. Higgs fúnra rẹ̀ wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà, ó ti di arúgbó, omi sì lé ròrò sí i lójú. Comic Sans ni obìnrin onímọ̀ yìí fi kọ ohun tí ó gbé sójú ògiri. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò sọ̀rọ̀ ohun tí a rí mọ́, bí kò ṣe aṣọ tí ó wọ̀. Ó dùn mí púpọ̀. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Láàrin àwọn tí ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bí nínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ilé, ọjọ́ òde ni, ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ìbá sì rọrùn fún ayé láti gbà tí kò bá sí ohun tí yóò fa ojú wọn kúrò lára rẹ̀. Obìnrin náà kò jẹ̀bi níwájú ìmọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ etí dídi sí ìmọ̀ nítorí lẹ́tà ni mo dá lẹ́bi.

Kí n tó kúrò lórí rẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé àwọn tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ra wọn lójú, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia. Ẹgbẹ́ tí ń gbìjà wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka Comic Sans mọ́ àwọn fọ́ǹtì tí ó rọrùn fún wọn láti kà, nítorí lẹ́tà rẹ̀ kò fún mọ́ra. Lẹ́tà a inú rẹ̀ sì rí bí èyí tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó dúdú, kò rí bí a alájà méjì inú ìwé ìròyìn. Ọmọ tí kò lè ka ìwé mìíràn tí ó sì ka èyí, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ti Papyrus kò pẹ́ láti sọ. Chris Costello, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí kò tíì pẹ́ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́, ni ó fi gègé yà á sórí pépà tí ara rẹ̀ kò dán ní 1982, tí ó fi oṣù mẹ́fà rò ó bí lẹ́tà ayé àwọn wòlíì ì bá ti rí. Ó rẹwà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó wọ kọ̀ǹpútà ni ilé ìpara, ilé oògùn ìbílẹ̀ àti ilé ìjọsìn gbé e wọ̀ papọ̀, títí tí fíìmù Avatar, tí owó tí a ná sí i kò kéré, fi wọ irú rẹ̀ jáde ní 2009. Ẹ̀tẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó ti pépà.

Àwọn tí a kì í bú ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ní 1931 ni ìwé ìròyìn The Times ti London gbé iṣẹ́ lẹ́tà tuntun lé Stanley Morison lọ́wọ́, ẹni tí ó ti bú u pé ìtẹ̀wé rẹ̀ kò dára. Victor Lardent ya lẹ́tà náà lábẹ́ àmójútó rẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì wọ̀ ọ́ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1932. Lẹ́tà tí ó mọ ìṣọ́wóná ni Times New Roman. A yà á kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọ ìlà tóóró inú ìwé ìròyìn láìro ojú. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó lò ó nítorí ìlà tóóró? A ń lò ó nítorí pé òun ni Microsoft Word bá wá, títí di 2007 tí wọ́n fi Calibri, iṣẹ́ ọwọ́ Lucas de Groot, rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ayé sì pa aṣọ dà lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ọ̀gá kan pàṣẹ. Ní 2017, nígbà tí àwọn olùwádìí ní Pakistan ń yẹ àwọn ìwé ìdílé olórí ìjọba ìgbà náà wò, wọ́n bá ìwé kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń wí pé oṣù kejì 2006 ni a kọ ọ́, Calibri ni a sì fi kọ ọ́, lẹ́tà tí kò tíì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ará ìta nígbà náà. Àríyànjiyàn ńlá ni ó dá sílẹ̀. Lẹ́tà ní ọjọ́ orí, ó sì lè jẹ́rìí. Síbẹ̀ ẹni tí ó fi ń kọ̀wé kì í wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Bí ẹ bá rìn ní Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́, ẹ óò rí i pé àwọn méjì ni ó jọba: Monotype Corsiva fún ìwé ẹ̀rí àti káàdì ìgbéyàwó, Algerian fún pósítà, bánà àti ètò ìsìnkú. Corsiva jẹ́ ẹ̀yà ìkọ̀wé àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Ítálì àtijọ́, tí Patricia Saunders sọ di fọ́ǹtì. Algerian, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń pe ilẹ̀ Áfíríkà, ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti rọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún; kò ní lẹ́tà kékeré rárá, òjìji ń bẹ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì yà á kí ó lè pariwo ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta láti ọ̀ọ́kán. Àwa fi ń kọ ìtàn ayé olóògbé láti òkè dé ilẹ̀ ojú ewé.

Kò sí èyí tí mo bínú sí títí dé ibi tí mo dé yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà nìkan ni, ojú tí ó rí burúkú, fífọ́ ni kò ní í fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan wà tí àwọn olóyìnbó tí ń bú Comic Sans kò lè mọ̀, nítorí kò kan èdè wọn. Algerian kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. A kò yà wọ́n mọ́ ọn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wò: ẹsẹ tí a ń kà nínú ìwé mímọ́, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tọrọ ìdáríjì rẹ̀, àti ẹ̀ṣẹ́ tí à ń lù ní ìjà. Ẹ gba àmì abẹ́ àti àmì ohùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ wọ́n sára bánà ìsọjí: ESE ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ tẹ́lẹ̀ ń dàgbà lábẹ́ bánà náà.

Mo bẹ àwọn tí kò mọ inú kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n ní sùúrù fún mi díẹ̀ níhìn-ín. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní, ṣ náà ní, á àti à pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọ̀ kò sì ní. Ẹ̀rọ ní láti mú ẹ, kí ó mú àmì ohùn lọ́tọ̀, kí ó sì gbé e lé e lórí, ẹni tí ó ya fọ́ǹtì náà ni ó sì gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí orí lẹ́tà wà hàn án. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbi tí kò ti sí àgbà, àmì a jábọ́ sí èjìká lẹ́tà, tàbí kí ẹ̀rọ yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀rọ̀ náà dà bí aṣọ òkè tí a fi àkísà lẹ̀ láàrin, tàbí kí ó gbé àpótí òfìfo sílẹ̀ pé òun kò mọ ohun tí ẹ ń wí. Àwọn tí ó mọ orí ọmọ mú wà, a kò sì fi owó rà wọ́n: Noto tí Google gbé jáde, Charis àti Gentium ti ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ SIL. Ẹ̀yin ọ̀gá ìtẹ̀wé, bí oníbàárà bá dé, kí ẹ tó bi í pé fọ́ǹtì wo ni ó wù ú, ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ òun gan-an dán fọ́ǹtì náà wò, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin fi ilẹ̀ bora, a gbé ètò ìsìnkú rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan, a sì kọ oríkì rẹ̀ fún wọn bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí a ó sin ín ni wọ́n kó o dé, ó ń dán, àwòrán ìyá náà sì jọ ọ́ dáadáa. Ní abẹ́ àwòrán, ní Algerian gàdàgbà, a rí À, a rí B, lẹ́yìn rẹ̀ àpótí òfìfo kan, a rí K, àpótí òfìfo mìíràn sì tẹ̀ lé e. Kò sí àkókò láti tún un tẹ̀. Àwa mẹ́rin jókòó yí àtùpà ká ní yàrá ìyá náà, a gbé báírò dúdú, a sì ń kọ lẹ́tà kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ìwé lórí ìwé, títí tí àkùkọ fi kọ. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ gbé báírò dúró lójijì, ó ní, “Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí, ṣé àmì òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àbúrò wa obìnrin ni ó dìde, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ibi tí ìyá ìyá wa máa ń dúró sí ní àṣálẹ́ tí ó bá ń pe ọmọ rẹ̀ wálé, ó sì pe orúkọ náà sókè bí ìyá ìyá wa ṣe máa ń pè é, Àbẹ̀kẹ́, kí gbogbo wa lè gbọ́ ibi tí ohùn náà gbà.